Ìbọn Tí Ó Mọ Olówó Rẹ̀

Ajá mọ olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ọdẹ bá ki í, tí ó gbé e kọ́ sára ògiri, tí ọmọdé sì fà á, yóò dún.

Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Biofire ní Amẹ́ríkà fi ìbọn ìléwọ́ kan hàn: bí kò bá dá ìka tàbí ojú olówó rẹ̀ mọ̀, kò ní dún. Ohun rere ni èyí. Ó lè gba ọmọ là, olè kò sì ní rí i lò.

Ṣùgbọ́n, ẹ gbọ́ ná: ó mọ ìka, ǹjẹ́ ó mọ ọkàn? Bí inú bá ń bí olówó rẹ̀ sí arákùnrin rẹ̀, ìka kan náà ni. Ìbọn yóò jẹ́ fún un. Òfin tí ó ka ìpànìyàn léèwọ̀, kì í ṣe irin ni ó ń bá wí, bí kò ṣe àwa.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo ibi tí ìbọn yín wà. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ẹni tí ẹ ń bá ṣọ̀tá, kí ẹ sì lọ bá a làjà.