Ta Ló Ra Irọ́ Náà?

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Òwe 20:14, Òwe 23:23

  

Láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ ká jọ rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ò kan ẹ̀mí. Ibi tí owó bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, Olúwa ń wo ọkàn àwọn méjèèjì níbẹ̀.

Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nílùú Ẹdẹ wa níbí, tó jáde ní Pólì, tó sì ti ríṣẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wù ú láti ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Kò sí tuntun rẹ̀ mọ́. Èyí tó kù lọ́jà, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ti lò ó. Ó rí méjì. Ẹni tó ni àkọ́kọ́ sọ fún un pé, "Ọkọ̀ mi ti rin 180,000 máìlì. Mo ti tún gíà rẹ̀ ṣe, ìwé rẹ̀ nìyí." Ìkejì ń dán, 62,000 ló sì wà lójú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n pè é. Èwo lẹ rò pé ó máa rà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Olóòótọ́ á wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè máa wá ẹni tó máa bá òun náà yí nọ́ńbà padà.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tá a bá ń pa òwe yìí, àánú olóòótọ́ ló máa ń ṣe wá. Àmọ́ ẹ wo apá kejì rẹ̀ dáadáa. Èké kò fọ́ ilé ẹnikẹ́ni wọlé. Àwa la ka owó fún un. Ìbéèrè òní nìyí: bí wọ́n bá tan ẹni tó ń ra ọjà, ṣé ẹni tó ń tà nìkan ló jẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, nọ́ńbà márùn-ún péré ló wà lójú aago máìlì wọn. Bó bá ti dé 99,999, á padà sí òdo. Nítorí náà, ọkọ̀ tó fi 62,000 hàn lè ti rin 162,000 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ti àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yí i. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ yí nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kí ẹ rò pé kìlómítà ni máìlì tí ẹ ń wò. Bẹ́ẹ̀ máìlì kan lé ní kìlómítà kan àtààbọ̀. 150,000 máìlì ti lé ní 240,000 kìlómítà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun ni Tòkunbọ̀, àmọ́ ọmọ kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ẹsẹ̀ búréèkì á ti jẹ, àga dírẹ́bà á ti rì, ara síárìn á ti bó. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á rí i.

Ẹni tó yí nọ́ńbà kò ní àwáwí. Olè ni. Bó bá sì mọ̀ pé búréèkì ò dáa, tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó, ó ti di ti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà Ẹdẹ sí Òṣogbo kì í bi ọkọ̀ léèrè pé èló ni wọ́n rà ọ́.

Ẹnì kan á ní, "Ajíhìnrere, bí mo bá sọ gbogbo àìsàn ọkọ̀ mi, ta ló máa rà á? Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ẹsẹ Bíbélì bò ó mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, olóòótọ́ lè pàdánù owó, mi ò sì ní ṣèlérí fún yín pé owó náà á padà wá kó tó di ọjọ́ Sunday. Ṣùgbọ́n Òwe 23:23 ní ká ra òtítọ́, ká má sì tà á. Ohun tí a bá ń rà, owó ló ń ná ni. Bí o bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì yọ ₦300,000 kúrò lórí owó ọkọ̀ rẹ, owó yẹn ò ṣòfò. Òun lo fi ra òtítọ́. Bí o bá parọ́ tí o sì gbà á, o ti ta òtítọ́ ní ₦300,000 nìyẹn. Ṣé iye tí ọkàn rẹ tó nìyẹn?

Kò wá túmọ̀ sí pé kéèyàn máa bú ọjà ara rẹ̀ o. Ohun tí ojú oníbàárà tó, ojú rẹ̀ á rí i. Àmọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí, tó sì lè gba owó tàbí ẹ̀mí rẹ̀, gbèsè rẹ ni láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí ẹni tó ń rà. Òun gan-an ni Òwe 20:14 ń bá wí: ó ń bú ọjà lójú ẹni tó ni ín, bó bá sì dé ìta tán, ó ń yangàn. Bàbá kan kú, ó fi Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ iye tó tó. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn olówó ń wá irú rẹ̀ kiri wá bá a, ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i pé oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù nìkan ló kù tó lè rà á? Mo kàn fẹ́ bá yín gbé e kúrò nílẹ̀ ni." Ọkùnrin yẹn ò yí nọ́ńbà kankan. Ọkàn opó ló yí. Mẹkáníìkì tá a mú dání láti bá wa wo ọkọ̀, tó tún gba tẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, òun náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe máìlì púpọ̀ ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù. Ní 1966, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, Irv Gordon, ra ọkọ̀ eré sísá kan, Volvo P1800. Tuntun ló rà á. Ó ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ó ń ṣe ohun tí ìwé ọkọ̀ ní kó ṣe. Nígbà tó fi máa di 2013, ọkọ̀ yẹn ti rin 3,000,000 máìlì. Ẹni tó bá yí ayé po ní ìgbà 100, kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 2018, nọ́ńbà gọbọi tí àwọn mìíràn ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ìtọ́jú wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Bí Bíbélì náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí Mátíù ń ka ìran Jésù, ó dé orí Dáfídì. Ì bá rọra fo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Mátíù 1:6, ó rán wa létí pé aya Ùráyà ni obìnrin tó bí Sólómọ́nì. Ọlọ́run ò yí nọ́ńbà padà nínú ìran Ọmọ rẹ̀. Ìdáríjì kì í ṣe ìfipamọ́. Ó rí gbogbo ibi tí a ti rìn dé, síbẹ̀ ó san iye kíkún lórí wa. Ẹni tí wọ́n rà báyẹn, kí ló tún kù tó fẹ́ fi irọ́ tà?

OHUN TÍ A Ó ṢE LÓNÌÍ: Bí o bá ní nǹkan tí o fẹ́ tà, sọ àléébù tó fara sin kí wọ́n tó bi ọ́. Bí o bá fẹ́ rà, má bú ohun tí o mọ iyì rẹ̀. Bí ẹni kan bá sì sọ òtítọ́ fún ọ nípa ọjà rẹ̀, má torí òtítọ́ yẹn sá fún un. Ìwọ ni kó o jẹ́ kí òtítọ́ tà lọ́jà lónìí.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tó mọ gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn, fún mi ní ọkàn tó lè ra òtítọ́ ní iye tó bá jẹ́. Má jẹ́ kí n gba owó tó máa di ẹkún nílé ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

 Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.