Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìdájọ́ Lórí Ipò Larry Holmes

Àwọn àgbà ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti tẹ̀ lé nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ bá pé. Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ bá ti péjọ, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jẹ yọ: nínú gbogbo àwọn akànṣẹ́ tí ó ti jẹ oyè àgbáyé ní ìsọ̀rí àwọn tí ó wúwo jù lọ, ta ni ó ga jù, ta sì ni ó tẹ̀ lé e? Bí wọ́n bá dárúkọ Joe Louis àti Muhammad Ali, iyàn kì í pọ̀. Bí ó bá kan Larry Holmes, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó di oyè náà mú láti ọdún 1978 títí di ọdún 1985, ibẹ̀ ni iyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a ní ó yẹ kí ó wà lára àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn a ní ṣe ni ó rí oyè he nígbà tí àwọn òmìrán ti darúgbó tán. Iyàn náà lè dà bí eré ọwọ́ dilẹ̀, síbẹ̀ ìdájọ́ ni, nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn kan fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí yóò bá sì wọn nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú òṣùwọ̀n tí ó mú lọ́wọ́.

Ìlú Cuthbert ní ìpínlẹ̀ Georgia ni a bí Holmes sí ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ṣùgbọ́n Easton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ó ti dàgbà. Ìṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kàwé jìnnà. Láti kékeré ni ó ti ń fọ mọ́tò kí ó lè rí owó mú wálé. Ní ọdún 1973 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjà olówó, ó sì wà lára àwọn tí Ali ń bá dánra wò nígbà ìgbaradì. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni ó ti kọ́ iṣẹ́, tí ó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ lójoojúmọ́ kí ẹlòmíràn lè borí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1978, òun àti Ken Norton pàdé ní Las Vegas. Wọ́n ja ráúndì 15 gbáko, ráúndì ìkẹyìn ni ó sì fi ẹni tí yóò gba oyè hàn. Láti ọjọ́ náà, ìgbà 20 ni Holmes dáàbò bo oyè rẹ̀ léraléra. Nínú gbogbo ìtàn ìsọ̀rí náà, Joe Louis nìkan, tí ó ṣe é ní ìgbà 25, ni ó ju ú lọ.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni iye. Iye kò ní ojú, kò ní ẹbí, kò sì mọ ojúsàájú. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Rocky Marciano fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1956, ó ti ja ìjà 49, kò sì sí ẹni tí ó borí rẹ̀ rí. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 fi máa wọlé, Holmes náà ti ja 48 láì fìdí rẹmi. Bí ó bá ti borí Michael Spinks ní ọjọ́ 21 oṣù náà, òun àti Marciano ì bá di ẹgbẹ́. Spinks ni ó borí. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dá a láre. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá Holmes láre, ṣé òye ọwọ́ rẹ̀ ì bá fi ìka kan lé sí i? Ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù náà, kò gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ 22. Iye a máa sọ iye ìgbà tí ènìyàn borí. Kì í sọ ẹni tí ó borí, kì í sì í sọ bí ó ti borí rẹ̀. Ìgbà 3 ni Louis fìdí rẹmi, ìgbà 5 ni ti Ali, síbẹ̀ ìwọ̀nba ni àwọn tí yóò tìtorí èyí fi Marciano ṣáájú àwọn méjèèjì. Àwọn tí ń fi iye jà pàápàá kò gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀.

Òṣùwọ̀n kejì ni àwọn alátakò. Ali na Joe Frazier, ó na George Foreman. Ta ni Holmes nà? Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá ni pé ó na Ali fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni èyí ṣẹlẹ̀. Ali ti pé ẹni ọdún 38, ó sì ti tó ọdún méjì tí ó ti jà gbẹ̀yìn. Nígbà tí ráúndì kẹwàá parí, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ní kí ìjà ó dúró. Holmes kò yọ̀; ẹkún ni ó sun lórí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé arúgbó ni ó nà. Bí ó bá sì ti fìdí rẹmi, wọn ì bá ní arúgbó pàápàá ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951, Marciano na Joe Louis nígbà tí Louis jẹ́ ẹni ọdún 37, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ bu iyì rẹ̀ kù. Ẹ̀sùn kan náà ni, ìdájọ́ méjì ni. Níbi tí ẹ̀sùn bá ti jẹ́ ọ̀kan tí ìdájọ́ sì jẹ́ méjì, kì í ṣe òṣùwọ̀n ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìfẹ́ ọkàn ni.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ wà lọ́rùn Holmes pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1983, agbára káká ni ó fi borí Tim Witherspoon. Àwọn adájọ́ kò fohùn ṣọ̀kan, kò sì fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àǹfààní láti tún un jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó yàn láti bá Marvis Frazier jà, ẹni tí kò tíì ja ju ìjà 10 lọ. Ráúndì kan kò parí tí ó fi ṣẹ́gun rẹ̀. Àjọ tí ó dì í ládé ń fẹ́ kí ó dojú kọ Greg Page. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dá adé wọn padà fún wọn, ó sì gba ti àjọ mìíràn.

Ní ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Ohun kan wà tí ìgbà fún ènìyàn, ohun kan sì wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Pé Ali ti darúgbó, pé Frazier àti Foreman ti fi ojú ìjà sílẹ̀ nígbà tí oyè kan Holmes, ìgbà ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un ń bá ọmọ wí nítorí ọjọ́ tí a bí i. Ṣùgbọ́n pé ó yẹra fún Page, pé kò bá Witherspoon tún un ṣe, òun ni ó ṣe é. Adájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ kà á sí i lọ́rùn.

Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn kò bá lè dájọ́ láì ṣègbè, kí a gbé e fún ẹ̀rọ. Wọ́n ti dán èyí wò. Ní ọdún 1969, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn akànṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pe Ali àti Marciano wá kí wọ́n ṣe bí ẹni ń jà kí a lè yà wọ́n sínú fíìmù. Marciano ti kúrò nídìí iṣẹ́ láti ọdún 13 sẹ́yìn nígbà náà, ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹjọ ọdún náà, kí fíìmù ó tó jáde. Oríṣiríṣi ìparí ni wọ́n yà pa mọ́. Nínú èyí tí wọ́n fi han àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Marciano lu Ali bolẹ̀ ní ráúndì 13. Ìjà tí kò wáyé ní ẹni tí ó borí. Iyàn kò sì tìtorí rẹ̀ tán. Èrò ènìyàn ni wọ́n dà sínú ẹ̀rọ, èrò ènìyàn náà ni ẹ̀rọ sì dà padà.

Ẹlòmíràn lè wá ní bí ó bá jẹ́ pé ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni, kò sí ìdí láti to ẹnikẹ́ni ṣáájú ẹnikẹ́ni. Kí olúkúlùkù wà nínú ìgbà tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ìtumọ̀ òwe náà. Àwọn tí ó pa á mọ̀ dájú pé ọba kan tú ìlú ṣe, ọba kan sì tú ìlú ká. Ohun tí òwe náà ń kọ́ni ni pé kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọba kọ̀ọ̀kan bá nílẹ̀, kí a tó béèrè ohun tí ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a lè fi ọba wé ọba láì ṣe èrú.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Holmes, ohun púpọ̀ ni yóò hàn. Nínú ìgbà tí ó bá, kò sí ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ dá ṣáṣá tó tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, Earnie Shavers, tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo lọ́nà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, lù ú lulẹ̀ ní ráúndì keje. Ó dìde, ó sì ṣẹ́gun Shavers ní ráúndì kọkànlá. Ní ọdún 1992, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 42, ó na Ray Mercer, ẹni tí ó gba wúrà ní ìdíje Olympic ọdún 1988 tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì borí rẹ̀. Ẹni tí ó bú u pé arúgbó ni ó nà gbọ́dọ̀ rántí pé òun náà na ọ̀dọ́ nígbà tí ó di arúgbó.

Ti ìwà ńkọ́? Lẹ́yìn ìjà Spinks, inú bí Holmes, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí Marciano tí ó ti di olóògbé. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ní ọdún 1982, nígbà tí àwọn onígbọ̀wọ́ ìjà fi àwọ̀ ara polówó ìjà òun àti Gerry Cooney, kò jẹ́ kí ìkórìíra náà wọ òun lára. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ìjà. Rere àti búburú ni, bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwà ní ìwé ìdájọ́ tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi yọ máàkì nínú iṣẹ́ ọwọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi Louis àti Ali ṣáájú Holmes kò ṣì í dá. Àwọn méjèèjì dojú kọ alátakò tí ó le jù, kò sì sí èyí tí ó dá adé padà nítorí àtiyẹra fún ẹnìkan. Ẹni tí ó bá fi Holmes sí ipò kẹta rí ẹ̀rí dì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fi í sí ipò karùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ Page àti Witherspoon. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ kìkì nítorí pé kò jọ Ali, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dájọ́ rárá. Ọ̀fọ̀ Ali ni ó ń ṣe.

Irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ojú ìjà ẹ̀ṣẹ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan a mọ̀wé títí, orúkọ rẹ̀ a kún ẹnu gbogbo olùkọ́. Ní ọdún tí ó jáde, àbúrò rẹ̀ a wọlé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, máàkì ẹ̀gbọ́n ni a fi ń wo ti àbúrò. Bí ó bá gba 70, wọn a ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá gba 90. Bí ó bá gba 90, wọn a ní ìdánwò ti ọdún yìí kò le. Kò sí ìdáhùn tí ọmọ náà lè kọ sínú ìwé tí yóò mú kí ó yege, nítorí pé kì í ṣe ìwé rẹ̀ ni olùkọ́ ń kà. Olùkọ́ tí ó bá mọ òtítọ́ yóò gbé ìwé ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ṣí ti àbúrò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kìn-ín-ní.