Onílé àti Ayálégbé: Ǹjẹ́ Àdéhùn Nìkan Tó?



Bí ènìyàn bá bá àwọn onílé kan jíròrò ní àwọn àdúgbò ẹ̀yìn Èkó, bí Ìkòròdú, Ìpájà tàbí Ìkọ̀tún, lórí owó gọbọi tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé, èsì kan náà ni yóò máa gbọ́: “Ilé mi ni. Òógùn ojú mi ni mo fi kọ́ ọ. N kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ẹni pé ó tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a mọ̀ bí ó bá lè dúró níwájú Ọlọ́run.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe àìṣòdodo sí onílé. Ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí ó san owó fún ọmọ onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó sì ń ra sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ilé rẹ̀ tó kan òrùlé, kò jalè nígbà tí ó bá ń retí èrè. Ìjọ Mímọ́ kò kọ́ wa pé níní ohun ìní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Póòpù Leo Kẹtàlá gbèjà ẹ̀tọ́ náà gidigidi nínú ìwé Rerum Novarum tí ó kọ sí gbogbo Ìjọ ní ọdún 1891. Bákan náà, ayálégbé tí ó ní owó lọ́wọ́ tí ó sì kọ̀ láti san owó ilé, nítorí pé ó mọ bí ẹjọ́ ti ń pẹ́ nílé ẹjọ́, ń rú Òfin Keje.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, Póòpù náà kọ́ wa ní ohun mìíràn nípa owó ọ̀yà. Ó kọ́ wa pé bí alágbàṣe bá gba owó tí kò tó láti bọ́ ọ, nítorí pé àìní ń lé e tàbí pé ó ń bẹ̀rù ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbígbà tí ó gbà kò sọ owó náà di òdodo. Ẹ̀tọ́ kan wà tí ó ti wà ṣáájú àdéhùn.

Mo rò pé ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa owó ọ̀yà jẹ́ òtítọ́ nípa owó ilé pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń wá bàtà lè fi ọjà sílẹ̀, kí ó máa lo èyí tí ó ti gbó títí di oṣù tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n baba tí wọ́n ti fún ní ìwé pé kí ó kó jáde, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́ ọmọ ọwọ́, kò lè sọ pé òun yóò dúró sí ìta títí owó ilé yóò fi wálẹ̀. Ẹni tí òjò ń pa kì í bá onílé nájà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Owó oṣù tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín sí i fún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wa jẹ́ 70,000 náírà. Bí owó yàrá kan bá jẹ́ 30,000 náírà lóṣù, tí onílé sì béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 720,000 náírà. Bí alágbàtà bá tún gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún kan, tí wọ́n sì gba iye kan náà fún ìwé àdéhùn, ó di 792,000. Òṣìṣẹ́ náà níláti kó gbogbo owó oṣù mọ́kànlá jọ, àti díẹ̀ lé e, láìjẹ láìmu, kí ó tó rí ibi fi orí lé. Nítorí náà yóò yá owó èlé, owó ilé ìwé ọmọ yóò sì bá a lọ.

Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kà á léèwọ̀, ní ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò rẹ̀, láti gba owó tí ó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà kà á léèwọ̀ fún ayálégbé pẹ̀lú láti san án. Èyí fi hàn pé àwọn aṣòfin pàápàá mọ̀ pé “ó gbà bẹ́ẹ̀” kì í ṣe ìdáláre. Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ wà tí wọ́n ń rú òfin yìí ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n sì ń gba Ara Olúwa ní ọjọ́ Àìkú.

Ìwà mìíràn wà tí ó burú ju owó lọ: onílé tí kì í gba ẹ̀yà kan, tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn, tàbí opó, tàbí obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, bí owó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ rántí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ìhìn Rere Lúùkù Mímọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó kórìíra Màríà àti Jósẹ́fù. Ohun tí ó sọ kò ju pé àyè kò sí fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní: kò sí ẹni tí ó ní òun ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n aboyún náà kò rí yàrá.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba pẹ̀lú. Ní ọdún 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àtijọ́ ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè, tí ó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ọjà jìnnà, owó ọkọ̀ ń pọ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin sì pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Ilé tí apá ènìyàn kò ká, tàbí tí ó gbé e jìnnà sí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kò tíì di ilé. Àwọn baba Ìjọ nínú Àpérò Fátíkàn Kejì, ní ọdún 1965, ka ilé mọ́ àwọn ohun tí ó tọ́ sí gbogbo ènìyàn kí ó lè gbé ìgbé ayé ọmọ ènìyàn.

Àwọn baba wa sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Báwo ni ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ń ṣí kiri lọ́dọọdún yóò ṣe rí ẹ̀ṣọ́ ìwà rere kó jáde?

Nítorí náà, ìwọ onílé, nígbà tí o bá ń ṣe àyẹ̀wò ọkàn, má ṣe bi ara rẹ léèrè bóyá ó gbà nìkan. Béèrè bóyá ìwọ ìbá gbà bí o bá wà ní ipò rẹ̀. Gba owó ilé lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí owó oṣù ni ó ń jẹ. Ìwọ ayálégbé, san án lásìkò, kí o sì tọ́jú ilé náà bí ẹni pé tìrẹ ni. Àwa ìjọ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a lo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa láti yá àwọn ará ní owó ilé láìsí èlé agbọ́nmi, kí àwọn onílé tí ó wà láàárín wa sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún opó.

Kí Jósẹ́fù Mímọ́, tí ó wá yàrá tí kò rí, bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo wa. Àmín.