Gbèsè Tí A Jẹ Ajá Arúgbó

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó kọjá, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣekágbá ní àròkọ kan láti kọ. Orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le rárá: ‘Ajá’. Irú àròkọ aṣàpèjúwe tí àwa olùkọ́ máa ń fún ni nígbà tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé ni. Bí ènìyàn bá ti ka mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n kọ, ó ti ka gbogbo rẹ̀. Ajá a máa ṣọ́ ilé. Ajá a máa bá ọdẹ lé ẹran nínú igbó. Ajá ni ẹran Ògún. Àwọn mìíràn a sì máa jẹ ẹ́. Mo ti fẹ́ fi máàkì sí ìwé kan báyìí nígbà tí mo kan gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó ni ín ti ka ìwúlò ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó wá kọ ọ́ pé: ‘Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ajá wà fún nígbà tí kò bá lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn mọ́.’

Mo fi ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí nínú ìlapa èrò tí mo fún wọn. Nígbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ìlà pupa náà tọ́ sí. Mo ti bá irú ajá bẹ́ẹ̀ gbé rí, mo sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ajá bàbá mi ni. Tanímọ̀la ni orúkọ tí ó sọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Òwe ni wọ́n sábà fi ń ṣe orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí lè máa gbọ́ ọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń pe ajá wá jẹun. Ẹni tí bàbá mi ń fi orúkọ yẹn bá wí ti kú ṣáájú ajá. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo ajá ni Tanímọ̀la, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ òsì sì ti ya níbi tí ọ̀yà ti bù ú jẹ. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni bàbá mi ní agbègbè Òkè-Ògùn, ọdún mẹ́wàá gbáko ni ajá yìí sì fi bá a wọ ìgbẹ́, agogo kékeré lọ́rùn. Ẹran tí ó bá lé bọ́ sí ojú ìbọn ni ìyá mi ń yan tà ní ọjà ọrọọrún, owó rẹ̀ ni a sì ń kó lọ san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Bí mo bá wí pé ajá ni ó rán mi ní ilé-ìwé, kì í ṣe àsọdùn.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ojú rẹ̀ ti funfun bí omi ẹ̀kọ. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti le. Bí ó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ iwájú ni yóò kọ́kọ́ fi wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú díẹ̀, yóò sinmi, kí ó tó gbé ìdí nílẹ̀. Eyín rẹ̀ ti yọ tó bẹ́ẹ̀ tí egungun kò wúlò fún un mọ́. Ibi tí ó bá sùn sí ni ó ń tọ̀ sí. Àkókò yìí gan-an ni àrùn ẹ̀gbà kọlu bàbá mi, tí a fi níláti gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ìgboro, nínú ilé oníyàrá méjì tí mo háyà. Ó ní bí ajá kò bá wá, òun náà kò wá. Bí mo ti di olùtọ́jú arúgbó méjì nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo ń po ẹ̀kọ mọ́ omi ẹja fún un, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí ó bá yó lẹ́ẹ̀kan yóò pọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ ni mo ń yí i padà, torí ajá tí ó bá rù, tí ó sì fi ẹgbẹ́ kan sùn pẹ́ jù, egungun ìbàdí rẹ̀ ni yóò dá egbò sí i lára. Eṣinṣin yóò bà lé egbò, ìdin yóò sì tẹ̀ lé eṣinṣin. Mo ń ṣa eégbọn ara rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, kí n tó jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, bàbá mi yóò bi mí láti orí ẹní pé: ‘Ṣé ó ti mu omi?’

Ní ọjọ́ kan, aya onílé ti kùn nítorí ìtọ̀ tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bínú, mo so ajá náà mọ́ òpó kan ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá tèmi lọ. Ó wà ní ìbòòji ní àárọ̀. N kò rántí pé ìbòòji a máa ṣí nípò. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń mí ooru dànù, bí oòrùn bá sì ká a mọ́ ibi tí kò ti lè dìde, ó lè pa á. Nígbà tí mo padà dé ní nǹkan bí agogo méjì, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ bí awọ. Kò gbó, kò sì ké. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó sì ju ìrù. Ìrù jíjù yẹn ni n kò tíì gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé ó bù mí jẹ ni, ǹ bá wí pé ó ti gba ẹ̀san rẹ̀, àwa méjèèjì ì bá sì ti bọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: ṣé àánú ni mo ń ṣe ajá yìí, àbí gbèsè ni mo ń san? Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ẹni tí ó bá wù ni í ṣàánú. Ẹni tí kò bá ṣe é, a kò lè pè é ní olè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ gbèsè tí kò san án, a mọ orúkọ tí à ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà pé gbèsè ni. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wo ajá náà títí, ó wá ní àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ajá jẹ, pé kí a tà á, kí a fi owó rẹ̀ kún owó oògùn bàbá. Ó ní ajá ìwòyí ni í mọ ehoro ìwòyí í lé. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Òun ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn náà. Bàbá wa, tí a ti rò pé ó ti sùn, sọ̀rọ̀ láti inú yàrá: ‘Bí ẹ bá ta ìyẹn tán, ta ni ó kàn?’ Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa.

Ìbéèrè bàbá mi ti pẹ́ láyé ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ní Róòmù, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ṣáájú ìbí Kristi, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Cato kọ ìwé nípa iṣẹ́ oko, ó sì gba olóko nímọ̀ràn nínú rẹ̀ láti ta màlúù tí ó ti gbó, àti ẹrú tí ó ti gbó, àti ẹrú tí ń ṣàìsàn. Ẹ wò ó bí màlúù àti ènìyàn ti jọ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí Plutarch ará Gíríìkì ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Cato lẹ́yìn náà, ó bínú sí ìmọ̀ràn yìí. Ó ní òun kò lè ta màlúù tí ó bá òun ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, kí a má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ènìyàn. Ibẹ̀ ni ó ti mẹ́nu kan ajá Xanthippus, tí ó lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ olówó rẹ̀ nígbà tí àwọn ará Áténì ń sá fún ogun lọ sí erékùṣù Salamis ní 480 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n sì sin ín sí etí òkun, tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Ibojì Ajá.

Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì tí ó kú ní 1804, tilẹ̀ fi ajá arúgbó ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá yìnbọn pa ajá rẹ̀ nítorí pé kò wúlò mọ́ kò ṣẹ ajá náà, nítorí pé ajá kò ní làákàyè. Ìwà ọmọ ènìyàn tí ó wà nínú òun fúnra rẹ̀ ni ó bà jẹ́, bí ó bá sì ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹranko, yóò ṣe é sí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti bàbá mi, ṣùgbọ́n n kò lè bá a dé òpin rẹ̀. Bí òtítọ́ bá wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé nígbà tí Tanímọ̀la wà nínú oòrùn yẹn, èmi ni mo ṣẹ ara mi. Òun kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Òwe tiwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò ní kí ó wò ó bóyá ọmọ ẹyẹ lè ronú tàbí kí ó sọ̀rọ̀. Ìrora nìkan ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Èyí ni Jeremy Bentham, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà fi sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1789, a sì ń yìn ín lórí rẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe ọmọ ẹyẹ.

Síbẹ̀, ìrora nìkan kò tíì sọ ọ́ di gbèsè. Ajá tí ń ráre ní títì pàápàá ń jẹ̀rora, n kò sì gbé e wálé. Òwe mìíràn ni ó là mí lójú. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A máa ń pa á fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè tọ́jú òbí wọn. Ṣùgbọ́n ọmú ta ni kí Tanímọ̀la mu? Ó bímọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí wọ́n tó já lẹ́nu ọmú tán ni bàbá mi ti ń pín wọn fún àwọn ọdẹ abúlé yí ká, tí ó ń gba owó lórí àwọn mìíràn. Àwa tí a kó ọmọ rẹ̀ lọ, tí a ti fi ohùn tiwa rọ́pò ohùn wọn ní etí rẹ̀, àwa ni ọmọ tí ó kù fún un. Níbi yìí ni gbèsè ti wọlé, àti nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ mi.

Ẹnìkan lè wí pé àwa tí à ń fi ajá bọ Ògún, ẹnu wo ni a ó fi sọ èyí? Mo bi bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ajá tí òun bá rà fún ọdún Ògún, Ògún ni ó ni ín láti ọjọ́ tí òun ti rà á. Èyí tí ó bá òun wọ ìgbẹ́, ẹlẹgbẹ́ òun ni. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí pé bákan náà ni ọrùn ajá méjèèjì ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àjọṣe a máa bí ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́rìnlá, kókó kan tí ó wà ní ìdí ọmú rẹ̀ tóbi, ó sì bẹ́. Oníṣègùn ẹranko wá wò ó, ó ní jẹjẹrẹ ni, pé ó wọ́pọ̀ lára abo ajá tí ó ti dàgbà, àti pé bí ó ti ń mí yẹn, àfàìmọ̀ kí ó má ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò mú un sùn, tí kò sì ní í jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ó bá mi létí, ṣùgbọ́n mo rò ó wò: ajá kò mọ ẹ̀sín. Àwa ni ojú ń tì nítorí ìtọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe òun. Òwe yẹn, ẹni tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ yan ikú ni ó wà fún. Bí a bá pa á lé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí, tiwa ni à ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà pé ó lè dá abẹ́rẹ́ náà láre ni ìrora tí oúnjẹ, omi àti oògùn kò lè ká mọ́. Tanímọ̀la ti lo ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, ní alẹ́ ó ń ké. Mo gbà pé kí ó gún un.

Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fọ àkísà lóru. Bí ẹ bá bi mí bóyá ìrora ajá ni mo wò tàbí àárẹ̀ ara mi, n ó ní ìrora ajá ni. N kò sì ní í lè búra.

A gbé bàbá mi jáde kí ó tó gún un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣì lágbára lé e lórí, ó pè é lórúkọ, ó sì ní ó ṣeun. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó fẹ́ tà á, ni ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí igi ìyeyè, ó sì gbẹ́ ẹ jìn ju bí mo ti rò lọ. Ó tú agogo ọrùn rẹ̀, ó fi lé bàbá lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń wọ bàtà, bàbá mi bi mí bí ó ti máa ń bi mí, bóyá ó ti mu omi. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n bu omi fún òun.