Ẹ̀rí ni àbí Ṣekárími? Lórí Ìrísí Ọkọ̀ Oníná

Ọkọ̀ Leaf tí Nissan gbé jáde ní ìparí ọdún 2010 ní iná iwájú méjì tó yọ síta gọngọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè sọ pé àṣejù ni. Àmọ́ ìdí wà ńbẹ̀: nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù, gbogbo ariwo tí atẹ́gùn ń pa lára dígí ẹ̀gbẹ́ ni awakọ̀ ń gbọ́, iná tó yọ síta yẹn ló ń darí atẹ́gùn síbòmíràn kó tó dé ibẹ̀. Bí gbogbo ìyàtọ̀ tó wà lára ọkọ̀ oníná bá rí báyìí, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kì bá tí kan onímọ̀ ọgbọ́n orí tàbí oníwàásù rárá. Ó kàn wọ́n, nítorí pé apá ńlá nínú ìyàtọ̀ náà kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún ọkọ̀. Ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń béèrè kò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo náà di ooru, ìdí nìyẹn tó fi nílò rédíétọ̀ àti asẹ́ gbàǹgbà níwájú tí atẹ́gùn yóò máa gbà wọlé. Mọ́tọ̀ iná kì í fi nǹkan ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré nísàlẹ̀ ti tó o. Bátìrì tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò, nítorí náà bọ́nẹ́ẹ̀tì lè kúrú. Ó wá ku atẹ́gùn. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá a dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bátìrì wúwo, ó sì wọ́n. Ìdí nìyí tí General Motors fi jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ EV1 wọn ti 1996 ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì bo táyà ẹ̀yìn rẹ̀, títí òdiwọ̀n ìdènà atẹ́gùn rẹ̀ fi wálẹ̀ dé 0.19. Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ohun tí a ń rí. Volkswagen ta e-Golf fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara Golf elépo ni ara rẹ̀. BMW i4 tó jáde ní 2021 wọ ara kan náà pẹ̀lú 4 Series, ó tún gbé asẹ́ ńlá tí wọ́n dí pa síwájú. Wọ́n ń rìn dáadáa. Ilé-iṣẹ́ BMW yìí kan náà ló ṣe i3 ní 2013, tí ara rẹ̀ kò jọ ti BMW kankan tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláàbọ̀, ìyẹn àwọn tó ń lo epo pọ̀ mọ́ bátìrì. Ní Amẹ́ríkà, Honda ta Civic kan tó ní bátìrì nínú, tó sì jọ àwọn Civic yòókù. Toyota fún Prius ní ara ọ̀tọ̀ tí ènìyàn lè dá mọ̀ láti òkèèrè. Prius ló borí lọ́jà. New York Times ròyìn ní 2007 pé nígbà tí wọ́n bi àwọn tó ra Prius léèrè, 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ìdí pàtàkì ni pé ọkọ̀ náà ń sọ irú ẹni tí àwọn jẹ́. Ní 2014, Steven Sexton àti Alison Sexton, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìpínlẹ̀ Colorado àti Washington: ní àdúgbò tí ọ̀rọ̀ àyíká ti ń jẹ àwọn ará ibẹ̀ lọ́kàn, àwọn olùrà múra tán láti san owó lé iye Prius, láti ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan dé ẹgbẹ̀rún mélòó kan, kí wọ́n ṣáà lè dá wọn mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè rí epo tí ẹnìkan kò jó. Ara ọkọ̀ ló ń bá a sọ ọ́.

Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn nípa ṣekárími. Jésù náà, nínú Ìwàásù Orí Òkè, bá àwọn tó ń fi àánú ṣíṣe wá ojú ayé wí. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò tètè dá ọkọ̀ náà lẹ́bi. Àmọ́ nínú ìwàásù kan náà ló ti fẹ́ kí aráyé rí iṣẹ́ rere àwọn ọmọlẹ́yìn òun. Sùúrà Bákárà sì gbà pé sàráà gbangba dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí a ṣe fún aláìní ní kọ̀rọ̀ ló sàn jù fún ẹni tó ṣe é. Fífihàn nìkan kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí fífihàn náà ṣe láǹfààní ni mo rò pé ó yẹ ká máa wò. Bí ẹni tó ń wòran bá jèrè, nítorí ó rí i pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ti ń rìn lójú títì, ẹ̀rí ni. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan ló jèrè, ṣekárími ni. Òfin Yúróòpù tó ní kí gbogbo ọkọ̀ oníná tuntun láti 2021 máa dún díẹ̀ bí eré rẹ̀ kò bá ju 20 km ní wákàtí kan lọ kò wúlò fún ẹ̀rọ rárá, ṣùgbọ́n ó wúlò fún afọ́jú tó ń sọdá títì.

Ẹnìkan lè ní ojú sánmà kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn awakọ̀: èéfín tí kò jáde, kò jáde náà ni, ìbáà jẹ́ agbéraga ló wà nídìí ọkọ̀. Mo gbà. Àmọ́ ọkàn tó ń wá ojú ayé kì í pẹ́ lórí ohun tó dára. Ohun tó hàn ló ń tẹ̀lé. Ẹ wo Hummer oníná tí GMC ṣe: ó wúwo ju 4,000 kg lọ, bátìrì rẹ̀ nìkan ju 1,300 kg, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó odindi Leaf àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ọkọ̀ oníná kúkú jọ ti àtijọ́, kí ó má ṣe fọ́nnu. Ìyẹn náà lè jẹ́ irọ́. Ní 1899, Uriah Smith ará Battle Creek ní Michigan, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Adventist, dábàá kí wọ́n fi orí ẹṣin onígi síwájú mọ́tò, kí ẹṣin gidi má baà ta gìrì. Ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú àánú ló fi wo ẹṣin. Tesla fi imú dúdú tó jọ asẹ́ síwájú Model S ní 2012, wọ́n sì yọ ọ́ ní 2016. Ó jọ pé ìbẹ̀rù àwọn olùrà ti rọlẹ̀ nígbà náà. Ní ti asẹ́ BMW i4, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú.

Norway ni a ti lè dán èrò yìí wò. Nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà níbẹ̀ ní 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ oníná pátápátá, nítorí ìjọba ti ń dá owó orí sí fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rí ti parí iṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí aláìgbàgbọ́ tó ṣẹ́kù tí a fẹ́ yí lọ́kàn padà, awakọ̀ Oslo tó wa ọkọ̀ oníná kò sì fi ìyẹn sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá ṣì wà lára ọkọ̀ nírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìdí mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti ń yí ohùn padà. Mercedes, tó torí atẹ́gùn ṣe EQS ní 2021 tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́, gbé G-Class oníná jáde ní 2024 pẹ̀lú ara onígun mẹ́rin àtijọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ràn rárá. Ẹni tó rà á kò jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni nípa iná. Ohun tó fẹ́ ká rí ni pé owó òun ká G-Class.