Ta Ló Ni Bọ́ọ̀lù Tí Ọmọdé Ń Gbá?

Ní ìlú Ìbàdàn, láti Bódìjà títí dé Challenge, bí Sátidé bá ti mọ́, àwọn ọmọdé á ti kún orí pápá ilé-ìwé, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù. Níbi tí bọ́ọ̀lù bá sì wà, àríyànjiyàn kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn kan á ní kí àwọn ọmọ gbá a kó dùn ún wò: kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn nílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi ẹsẹ̀ dárà. Àwọn kan á ní àsọdùn nìyẹn: kí wọ́n ti ilé pa, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí ojúlé tiwọn, kí wọ́n wá góólù kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ lọ sílé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni pé, nínú méjèèjì, èwo ló tọ́ kí á fi kọ́ ọmọdé? Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ eré lásán lọ. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lórí pápá yóò bá a délé, yóò sì bá a dé ẹnu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní kí á ṣáà borí, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdíje ni ìdíje ń jẹ́. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ tí kò fẹ́ borí, àkókò àwọn tó fẹ́ borí ló ń fi ṣòfò. Lọ́dún 1985, àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí Ṣáínà fún ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 16 lọ. Wọ́n na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní góólù méjì sí òdo ní àṣekágbá, wọ́n sì gbé ife bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n sọ ìdíje náà di ti ọmọ ọdún 17, Nàìjíríà tún gba ife ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹrin: lọ́dún 1993, 2007, 2013 àti 2015. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé abúlé nìkan ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tipasẹ̀ irú ife bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun. Ta ni yóò wá sọ fún òbí ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ife kò já mọ́ nǹkan?

Àwọn tó fẹ́ eré aládùn náà ní ẹ̀rí tiwọn, inú ìlú wa níbí ni ẹ̀rí náà sì wà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí à ń pè ní IICC nígbà náà, ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1976. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal ti gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlgéríà ní góólù mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn méjèèjì yìí ló pín góólù náà láàárín ara wọn: Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Lawal jẹ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè nípa wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà ní Dùgbẹ̀, wọn kì í fi iye góólù bẹ̀rẹ̀. Bí Ọdẹ́gbàmí ṣe ń sáré gba etí pápá lọ ni wọn á kọ́kọ́ sọ, àti ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Mathematical. Èyí tó dùn ún wò ló ń pẹ́ lọ́kàn.

Ẹnì kan lè ní kí á dákẹ́ àríyànjiyàn, pé ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa yóò borí náà. Ìbá dára bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lọ́dún 1982, ní Sípéènì, ọ̀mì lásán ìbá gbé Bùràsíìlì kọjá nígbà tí wọ́n pàdé Ítálì. Wọn kò ti ilé pa. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn bí wọ́n ṣe ń gbá a, Ítálì sì nà wọ́n ní góólù mẹ́ta sí méjì. Ítálì ló gba ife àgbáyé lọ́dún yẹn. Nítorí náà, ìgbà mìíràn wà tí ẹwà àti ìṣẹ́gun yóò yà síra, tí ènìyàn yóò sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Níbi tí mo ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì nìyí. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá Lekan Salami ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdùnnú, nítorí ó sanwó, àwọn tó ń wò náà sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Ọmọ ọdún 11 kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò jẹ òǹwòran ní gbèsè àrà, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ ilé-ìwé ní gbèsè ife. Ẹni tó ní kí ọmọ dárà kí òun lè pàtẹ́wọ́, àti ẹni tó ní kí ọmọ borí kí òun lè yangàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń béèrè ohun tí ọmọ náà kò jẹ wọ́n. Bí gbèsè bá wà lórí pápá àwọn ọmọdé rárá, àwa àgbà ló jẹ ẹ́. Ohun tí a sì jẹ wọ́n ni ànfààní láti gbá bọ́ọ̀lù, láti fi ọpọlọ ara wọn pinnu, láti ṣe àṣìṣe, kí wọ́n sì tún un ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yí padà. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan nítòsí Àgbowó, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ń díje. Ikọ̀ kan ní ọmọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ lẹ́yìn, òmíràn tó ga níwájú. Gbogbo bọ́ọ̀lù ni ti ẹ̀yìn ń gbá lọ sókè, ti iwájú á sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré kan wà ní etí pápá lápá ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní abala kejì: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Wọ́n borí, wọ́n gbé e sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ló kọ́ lọ́jọ́ náà? Ikọ̀ tó tẹ̀ lé wọn ní gbajúmọ̀ kan tó ń gba bọ́ọ̀lù sáàárín ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, tí gbogbo pápá ń hó fún. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́wàá tó kù dúró bí òǹwòran nínú aṣọ eré. Ọ̀nà méjì yìí kò jọra lójú, síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n já sí: ọmọ kan tàbí méjì ló gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó kù sìn wọ́n wá.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi gbọ́ àgbọ́yé pé ìtìjú ni kí á ṣọ́ ilé. Bí ilé-ìwé kékeré bá pàdé èyí tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀tọ́ wọn ni láti kó ara wọn jọ sẹ́yìn. Ìṣọ́lé gan-an gba ọgbọ́n: ẹni tó bá ń ṣọ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ dúró sí, kó mọ ìgbà tí yóò jáde àti ìgbà tí yóò dúró. Ìyẹn ń kọ́ ọmọ ní sùúrù àti àjùmọ̀ṣe. Ohun tí mo ń bá jà ni pípa eré. Kí ọmọ máa ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án kí àkókò lè lọ, kí aṣọ́lé jókòó lé bọ́ọ̀lù, kí a sọ fún ọmọ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má ronú, kó ṣáà gbá a dànù. Aláìlera tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ṣì ń ṣeré. Ẹni tó ń pa eré ń sá fún eré ni.

Àwọn kan á ní níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti rú òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní June 25, 1982, ní ìlú Gijón, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì jẹ góólù kan wọlé Austria kí eré tó wọra. Àbájáde yẹn ló máa gbé àwọn méjèèjì kọjá, tí yóò sì lé Àlgéríà lọ sílé. Bí wọ́n ṣe dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń rọra yí bọ́ọ̀lù kiri títí àkókò fi pé. Wọn kò rú òfin kankan. Síbẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ pé ohun kan bàjẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbá eré tó kẹ́yìn nínú ìsọ̀rí kan náà ní wákàtí kan náà. Lọ́dún 1992, wọ́n tún ṣe òfin pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹnì kejì rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá padà sí i. Ní Ireland, níbi tí wọ́n ti ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, tí wọ́n ń pè ní Gaelic, àwọn ènìyàn ráhùn pé gbogbo ikọ̀ ló ń kó sẹ́yìn. Lọ́dún 2025, wọ́n mú òfin tuntun lò: ó kéré tán, agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró ní ìdajì pápá tó jẹ́ ti alátakò. Òfin kò sáré ju ìwà lọ. Ìwà ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, kí òfin tó wá a wá.

Àwọn baba wa ti ro irú ọ̀rọ̀ yìí kí bọ́ọ̀lù tó dé. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 ló wà, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ilé alátakò rẹ bá gbẹ, tí kò ní ọmọ tó lè ta mọ́, tí ìwọ sì ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ta á fún un. Kò sí ẹni tó ní kí o ṣàánú rẹ̀. O ṣì lè nà án, o ṣì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpè ni. Ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe ni kí o mú eré kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀rọ̀ ayò yìí náà ni àwọn oníròyìn wa ń lò lórí rédíò, bí wọ́n bá ń ka àmì ayò bọ́ọ̀lù.

Ewu mìíràn tún wà nínú kí á ṣáà borí. Bọ́ọ̀lù àgbásókè fẹ́ ọmọ tó ga, tó lágbára, tó tètè dàgbà. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń wá ife lọ́ranyàn yóò máa yọ àwọn kéékèèké kúrò, bó ti wù kí wọ́n ní làákàyè tó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dán an wò láti mú ẹni ọdún 16 wọ inú àwọn ọmọ ọdún 13. A ti jẹ ìyà irú ìwà yìí rí. Lọ́dún 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bára mu láti ìdíje kan sí òmíràn. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí a fẹ́ gbà lálejò sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó lọ sí Pọ́túgà. Àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni wọ́n jókòó sílé.

Mo mọ ìbéèrè tí òbí tí kò rọ́wọ́ họrí yóò bi mí. Yóò ní bọ́ọ̀lù yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ òun ní, pé bí kò bá gba ife, ta ni yóò rí i? Ìbéèrè ńlá ni, n kò sì lè ṣèlérí pé ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ yìí kò ní ná a ní nǹkan kan. Ikọ̀ tó bá ń jẹ́ kí gbogbo ọmọ gbá bọ́ọ̀lù yóò pàdánù àwọn ife kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tó kún pápá wa lónìí, díẹ̀ ni yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun. Bí a bá wá kọ́ gbogbo wọn nítorí àwọn díẹ̀ yẹn, kí ni a fún àwọn tó kù? Àní ẹni tí yóò tilẹ̀ fi jẹun, ohun tó máa lò lọ́la ni bó ṣe lè ronú bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ga tó o, gíga rẹ̀ kò tún ní gbà á mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó tọ́ rèé. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, kí àwọn ilé-ìwé wa dín ife kù, kí wọ́n fi eré kún un, kí ó sì jẹ́ òfin pé gbogbo ọmọ tó wọ aṣọ yóò gbá ìdajì eré, ó kéré tán. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọdún 16, kí á kọ́ wọn ní bí a ṣe ń borí, títí kan bí a ṣe ń ṣọ́ ilé, nítorí nígbà náà wọ́n ti ní ohun tí wọ́n máa fi borí lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹwà tó yẹ kí á máa wá lórí pápá ni ọmọ tó gbé orí sókè, tó wò yíká, tó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹni tó dúró sí ibi tó dára ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, iṣẹ́ yìí kò gba owó. Bí ọmọ bá ti ibi bọ́ọ̀lù dé, ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ẹ jẹ mélòó?” Ẹ jẹ́ kí á tún máa bi í pé, “Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ, kí lo fi ṣe?” Bí ọmọ náà bá dáhùn pé bọ́ọ̀lù kò dé ẹsẹ̀ òun rárá, a ti mọ ẹni tí ó yẹ kí á lọ bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n gbé ife bọ̀ wálé.