Kútúbà Jímọ̀: Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ìrìn Rẹ̀ Kò Tẹ́ Wa Lọ́rùn

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí kì í ṣe àbòsí nínú ìdájọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ìyá kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrun Àsárì pẹ̀lú omijé, ó sì yọ̀ǹda kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ forúkọ sílẹ̀ láti gba káàdì ìdìbò. Àwọn ọ̀dọ́ kan wo bí ó ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní orúkọ tí n kò ní tún pè lórí míńbárì, wọ́n sì lé e kúrò lórí ìlà. Méjì nínú wọn ń kírun ní mọ́sálásí yìí. Ìyá náà bi mí pé: "Àáfà, ṣé ẹ̀sìn wa ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?" Ìdáhùn mi ni kútúbà òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Ohun tí Ṣàríà sọ lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin kò fara sin, n kò sì gun míńbárì láti yí i padà. Ọ̀rọ̀ òní jẹ́ ti ẹ̀tọ́ ẹ̀dá àti ti ahọ́n wa.

Èkíní, Ọlọ́hun kọ àbá dídá àti ìtọpinpin fún wa nínú Súrà Al-Hujurāt, āyà 12. Nínú Súrà An-Nūr, āyà 4, Ó ní kí á na ẹni tí ó bá fi àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́ láìmú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá ní ọgọ́rin ẹgba. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé bákan náà ni fún ẹni tí ó bá kan ọkùnrin. Ìrìn ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí kan, áńbọ̀sì mẹ́rin.

Èkejì, nínú Súrà Al-Mā'idah, āyà 8, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan má ṣe tì wá sí àìṣe déédéé. Ìkórìíra gan-an ni ibi tí a ti ń dán déédéé ènìyàn wò, nítorí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ṣe déédéé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo àwọn onímọ̀ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí a kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, tí wọ́n ń pè ní khunthā, wọn kò sọ pé kò ní ogún. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò ìpín rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún wa.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Pakísítánì, ilẹ̀ Mùsùlùmí. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní khwaja sira wà: a bí àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀yà ara tí kò hàn gbangba, àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹni tí a bí lọ́kùnrin tí ń gbé ìgbé obìnrin. Káàdì ìdánimọ̀ kò ní àyè fún wọn, ẹni tí kò sì ní káàdì kò lè dìbò. Ní ọdún 2009, Muhammad Aslam Khaki, agbẹjọ́rò tí ó tún jẹ́ onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n ṣe káàdì fún wọn, lẹ́yìn náà kí àjọ elétò ìdìbò forúkọ wọn sílẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn kan nínú wọn jáde dupò. Ní ọdún 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ ẹ̀tọ́ náà sínú òfin. Ní ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Ṣàríà ti ìjọba àpapọ̀ fagi lé apá kan òfin náà, pàápàá ibi tí ó ní kí olúkúlùkù fúnra rẹ̀ sọ bóyá akọ ni òun tàbí abo. Ṣùgbọ́n kò fagi lé abala tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Àwọn adájọ́ tí wọ́n jókòó láti fi Ṣàríà wọn òfin yìí fi ìbò sílẹ̀ fún wọn. Ta ni ọ̀dọ́ orí ìlà tí yóò gbà á?

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ará, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó ti pé ọdún 18, tí ó ń gbé nílẹ̀ yìí, forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kò ní kí á kọ́kọ́ wo ìrìn rẹ̀. Òfin ọdún 2014 tí ó de ìgbéyàwó ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin kò gba ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ànábì wa ti ṣàlàyé ẹni tí ó tòṣì jùlọ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀: ẹni tí ó kírun, tí ó gbààwẹ̀, tí ó yọ sàká, ṣùgbọ́n tí ó bú èyí, tí ó parọ́ mọ́ tọ̀hún. A ó máa fi láádá rẹ̀ san gbèsè títí yóò fi tán.

Ẹ̀yin méjì náà, ẹ mọ ara yín. N kò ní dárúkọ yín. Ẹ lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀. Bí ó bá gbà, ẹ bá a padà síbẹ̀, kí ẹ dúró tì í títí yóò fi forúkọ sílẹ̀. Gbèsè ẹ̀dá kì í tán nípa ìrun nìkan. Ẹni tí a jẹ ni a ń san án fún.

Yá Allāh, fọ ahọ́n wa mọ́, fún wa ní déédéé nígbà ìbínú, tu ìyá yìí nínú, kí O sì fún ìlú wa ní àlàáfíà nígbà ìdìbò. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, déédéé àti ìṣe rere ni Ọlọ́hun pa láṣẹ. Ẹ dìde, kí á kírun.